Dókúmẹ́ńtárì SS tó gba oorun lójú mi: ṣé ẹni tí egungun ń dùn lè máa rẹ́rìn-ín?

Adùkẹ́ Ìlọrin:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹnì kan fi dókúmẹ́ńtárì kan ránṣẹ́ sórí Wasáàpù mọ̀lẹ́bí wa lálẹ́ Sátidé, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn sickle cell, ló ń fi fóònù ya ara ẹ̀, kò sí músíìkì kankan lábẹ́ ẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i náà ló kàn ń hàn. Ó ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nítorí itan ò jẹ́ kó dìde. Ó fi egbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀ ẹ̀ hàn, ó ní ó máa ń jinná, á tún là. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní "ìwọ náà tún kọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ lo tún wá gbà", wọ́n sì fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹ̀yin èèyàn, mi ò lè sùn mọ́ lóru ọjọ́ yẹn.

Ibi tó ti wá di ìjà nílé wa rèé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa, Poly ló ń lọ, SS ni òun náà. Awẹ́lẹ́wà ni mò ń pè é, ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pe orúkọ ọkọ ẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Tí kraísìsì, ìyẹn ìrora egungun àìsàn náà, bá gbé Awẹ́lẹ́wà, á sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà á kó sínú bẹ́ẹ̀dì, á máa tẹ fóònù, á máa wo skit, ìgbà míì ẹ ó tiẹ̀ gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa báyìí, wọ́n ní irọ́ ni ọmọ yẹn ń pa, wọ́n ní kò fẹ́ fọ abọ́ ni. Wọ́n ní àwọn bímọ mẹ́fà láìgba abẹ́rẹ́ kankan, kò sí ẹni tó máa wá kọ́ àwọn ní ohun tó ń jẹ́ ìrora, pé ẹni tí nǹkan bá ń dùn kì í rẹ́rìn-ín. Mo fi dókúmẹ́ńtárì náà hàn wọ́n, ìgbà tó dé ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣàwàdà lórí fóònù pẹ̀lú dìrípù lọ́wọ́, màmá ní "ṣó o rí i, eléyìí náà ń ṣeré". Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ tó ní in, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ó ṣeé ṣe kí egungun máa dùn èèyàn tó báyẹn kó sì máa rẹ́rìn-ín? Àti pé ọkọ mi kì í sábà sí nílé, Kánò ló ń ná, tó bá bẹ̀rẹ̀ lóru kí ni kí n máa ṣe, ìgbà wo ni mo gbọ́dọ̀ sáré gbé e jáde?

Arẹwà tó ń jẹ́ SS:

Àǹtí Adùkẹ́, ẹ kú àmójútó ọkọ yín. Èmi náà SS ni, Ìbàdàn ni mo wà, mo ti lé lógójì ọdún, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lórí ìyẹn torí nígbà tí wọ́n bí mi wọ́n ní mi ò ní pé mọ́kànlélógún.

Ẹ sọ fún màmá pé ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín, egungun sì ń dùn ún, méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ohun tí àwọn tí kò ní in ò mọ̀ ni pé ìrora yìí kì í ṣe nǹkan tó ń wá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó lọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé kí èèyàn wá máa ké fún ọ̀sẹ̀ kan ni? Ohùn á há, agbára á tán, àti pé ẹkún gan-an ń fa omi kúrò lára, omi yẹn la sì nílò. Ká tó pé ọmọ ọdún méje púpọ̀ nínú wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Èmi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé nìyẹn, ìka á wú, ọmọ ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Àdúgbò ní abíkú ni mí. Àwọn àgbà kan pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n ò kúkú parọ́ nípa bó ṣe ń ṣe èèyàn, òní wàá rò pé ó parí, lọ́la wàá dìde lọ sọ́jà.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ bó ṣe ń rí: ẹ rántí ìgbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò há yín níka rí, ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yẹn. Ó dáa, kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn náà. Kó wà bẹ́ẹ̀ nínú itan, nínú ẹ̀yìn, nínú àyà, láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè títí di Tọ́sìdeè.

Fóònù tí màmá ń bínú sí yẹn, òògùn ni. Tí mo bá ń wo nǹkan apanilẹ́rìn-ín, ìrora ò lọ o, ọkàn mi ló kàn yà kúrò níbẹ̀ díẹ̀, tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ ó ti dé. Nígbà tí kò sí fóònù, àlàyé orí rédíò ni mo fi ń mú oru kọjá, mo mọ gbogbo ìpolówó ìgbà yẹn lórí.

Ohun tó dùn mí jù nínú àìsàn yìí kì í tiẹ̀ ṣe egungun. Tó o bá ké, wọ́n á ní àṣejù ni. Tó o bá dákẹ́, wọ́n á ní kò dùn ẹ́. Tí mo bá fẹ́ lọ sí ẹmájẹ́ńsì, inú ìrora yẹn náà ni mo ti máa ń ronú aṣọ tí mo máa wọ̀, tí mo bá múra dáadáa tí mo tọ́tè, dókítà kékeré á wò mí á ní "ṣé ìwọ lo ní kraísìsì", tí mo bá lọ pẹ̀lú aṣọ tí mo fi sùn, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó máa sanwó fi dé. Tí mo bá dárúkọ òògùn tó máa ń ṣiṣẹ́ fún mi àti iye ẹ̀, ó parí, ó ti di bárakú fún mi nìyẹn. Ẹni tó ní ṣúgà tó mọ iye insulin ẹ̀, wọ́n á yìn ín. Èmi tí mo mọ tèmi, wọ́n á pe ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Nítorí náà ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì mọ́jú, kò yà mí lẹ́nu rárá. Ó yà mí lẹ́nu pé ó yà yín lẹ́nu.

Baba Sọ̀rọ̀sókè:

Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Mi ò ní kò sí àìsàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe dókúmẹ́ńtárì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ibi tó burú jù lọ ni wọ́n máa yọ kó lè mì yín lọ́kàn. Mo mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó jẹ́ SS, pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora kan, ló ń gún fúnra ẹ̀ lójoojúmọ́, itan ẹ̀ ti gan, kò síbi tí abẹ́rẹ́ tún lè wọlé, ara ẹ̀ dá ṣáká ó ṣì ń lọ sí ọsibítù lọ sọ pé egungun ń dun òun. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa gba gbogbo èèyàn gbọ́ ni? Àwọn náà ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń dáàbò bò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ̀gbọ́n Sọ̀rọ̀sókè, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa pentazocine ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mo ti tọ́jú irú itan bẹ́ẹ̀, ojú egbò ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí mo máa kọ síbí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bó ṣe débẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ gún un fún wọn, wọ́n fún wọn díẹ̀, kò tó, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ìrora padà, wọ́n tún wá. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà rí i pé kẹ́místì tó wà níwájú ilé ń tà á láìbi òun ní ìbéèrè, kò tún sí ẹni tó máa bú òun níbẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá tọ́jú ìrora ẹ̀ dáadáa ló máa ń wá ọ̀nà àbùjá. Tí ẹnì kan bá sì ti wọ inú bárakú náà, egungun ẹ̀ kò torí ìyẹn ṣíwọ́ dídùn, àìsàn méjì ló wá ní báyìí, méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó lè yé màmá, ẹ bá mi kà á sí wọn létí. Hemoglobin ló ń gbé atẹ́gùn ọ́síjìn kiri ara. Ti ẹni tó jẹ́ SS, ibi kan ṣoṣo ló ti yàtọ̀, ipò kẹfà lórí okùn kan nínú ẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ valine ló jókòó síbi tó yẹ kí òmíràn tó ń jẹ́ glutamic acid wà. Ibi kékeré yẹn ni gbogbo wàhálà ti wá. Tí ọ́síjìn bá dín kù, tí òtútù mú un, tí omi ò tó lára, tí ibà wọlé, tàbí tí èèyàn kàn ronú jù, hemoglobin yẹn á lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀, á le, kò ní lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá mọ́, á dí i. Ẹran ara àti mùdùnmúdùn egungun tó wà lẹ́yìn ibi tó dí yẹn ò rí ọ́síjìn gbà, wọ́n ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Egungun tó ń kú ló ń dùn ún, màmá. Sẹ́ẹ̀lì pupa tèmi àti tiyín ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó, tiwọn kì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi í tó, tí ojú wọn fi ń pọ́n rúsúrúsú.

Kò wá sí ẹ̀rọ kankan tó ń wọn ìrora. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. BP lè dáa, ìmí lè dáa, X-ray lè má fi nǹkan kan hàn lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ti bá ìrora gbé láti kékeré ọkàn ẹ̀ lè máa lù jẹ́jẹ́. A máa ń bi wọ́n pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni, ohun tó bá sọ la máa kọ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì ń tọ́jú ogójì èèyàn, tí mọfíìnì tí wọ́n fún wa ò tó, tí dókítà ń bẹ̀rù àti kọ ọ́, ẹ ó rí i pé ó rọrùn láti sọ fún ara ẹni pé ọmọ yìí ń ṣeré. Mi ò gbè sẹ́yìn nọ́ọ̀sì inú dókúmẹ́ńtárì yẹn o. Mo kàn mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ìyàwó mi SC ni, C yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, òun náà ń fa kraísìsì bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé SC ò kí ń ṣe nǹkan kan. Níbí, ìwé ìlànà NICE, àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ọsibítù níbí, ti sọ ọ́ láti 2012 pé ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú kraísìsì gbọ́dọ̀ gba òògùn ìrora láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìwé nìyẹn o. Ìyàwó mi ti jókòó rí títí mo fi lọ gbé àwọn ọmọ ní school mo padà wá bá a lórí àga kan náà. Oyìnbó tó jókòó tì í ní ọwọ́ tó ṣẹ́, wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ ó ti lọ.

Ní 2019 ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ SS kú sí ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọmọ ọdún 21, lórí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù ló ti fi fóònù pe 999 torí pé ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ́síjìn wọn ò fún un. Ẹ ronú sí i, ẹni tó wà nínú ọsibítù ń pe áḿbúláǹsì! Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣòfin jókòó lé e, ìròyìn wọn jáde ní November 2021, No One's Listening ni wọ́n pè é, gbogbo ohun tí àǹtí Arẹwà kọ sókè yìí ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń fura sí wọn pé òògùn ni wọ́n wá jẹ, òṣìṣẹ́ ìlera ò mọ àìsàn náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara sì wà níbẹ̀ gbangba. Nítorí náà Baba Sọ̀rọ̀sókè, kì í ṣe kámẹ́rà ló yan ibi tó burú jù.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ ti máa gbọ́ nípa Casgevy, èyí tí wọ́n ń yọ sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn èèyàn jáde, wọ́n á tún jíìnì ẹ̀ ṣe, wọ́n á dá a padà. UK ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní November 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, wá gbà láti máa san án fún àwọn SS kan ní 2025. Iye owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ pọ́n-ùn fún ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní kímò kó tó gbà á. Ìyàwó mi ní òun ò ṣe. Mo lóye ẹ̀.

Àgbo Ìyá Àgbà:

Ẹ dákẹ́ òyìnbó yín. Àìsàn yìí, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí oyìnbó tó dé, wọ́n sì ní òògùn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó kàn sí mi ní ìkọ̀kọ̀, oṣù mẹ́ta SS á di AA.

Akẹ́kọ̀ọ́ Famasí, Ifẹ̀:

Màmá Àgbo, SS ò lè di AA pẹ̀lú ohun tí wọ́n mu, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ti pàdánù kíndìnrín nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo máa sọ ọ́ torí pé ó dùn mọ́ mi. Ní Ifẹ̀ níbí láti nǹkan bí 1970 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti ń yẹ gbòǹgbò orin àta wò, orin tí gbogbo wa fi ń rin ẹnu yẹn, wọ́n rí i pé ó ń ṣe nǹkan sí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀. Niprisan náà wà, ọwọ́ olóògùn ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rẹ́vẹ́rẹ́ǹdì Ogunyale ni NIPRD, ilé ìwádìí òògùn ìjọba ní Àbújá, ti gba èròjà ẹ̀, ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀ lára èèyàn, ó dín kraísìsì kù. Ọdún 2006 ló bọ́ sọ́jà pẹ̀lú orúkọ Nicosan, kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é fi wọ gbèsè. Ó ń bí mi nínú gan-an, a ní nǹkan lọ́wọ́ a jẹ́ kó bọ́.

Èyí tó wà nílẹ̀ tó sì ṣiṣẹ́ jù lọ báyìí ni hydroxyurea. Ó ti wà tipẹ́, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún SS ní 1998, àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà yẹn fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé iye kraísìsì sí ìdajì lára àwọn àgbàlagbà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jí hemoglobin tí ọmọ inú oyún ń lò, èyí kì í lẹ̀ mọ́ra. Dókítà á máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lóòrèkóòrè torí ó lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lóyún sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe é ní Awẹ́ níbí, nítòsí Ọ̀yọ́. Àǹtí Adùkẹ́, ṣé Awẹ́lẹ́wà ń lò ó?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ gígùn ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè kejì obìnrin yìí. Ìbejì ni mo bí, Táyé AS, Kẹ́hìndé SS, inú kan náà ni wọ́n jọ wà, nítorí náà ẹ máa fi í sọ́kàn pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá bí ló ń ta kádì tiẹ̀, kì í ṣe pé tí ẹ bá ti bí ìkan SS àwọn yòókù bọ́.

Lóru, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rántí. Kó mu omi dáadáa, kì í ṣe èyí tó ti inú fíríìjì jáde. Ẹ pa fáànù, ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú rọ́bà, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kó gbé e lé ibi tó ń dùn ún, tó bá lè dìde wẹ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ó dáa bẹ́ẹ̀. Yìnyín rárá o, ẹnì kan fi yìnyín lé ọmọ mi lẹ́sẹ̀ rí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn agbábọ́ọ̀lù nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lu onítọ̀hún. Paracetamol, àti ibuprofen lẹ́yìn oúnjẹ tí dókítà ẹ̀ bá ti ní kíndìnrín ẹ̀ gbà á, ẹ kọ àsìkò tó lò ó sílẹ̀ sórí bébà, torí lóru yẹn ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbàgbé. Ẹ má dúró kó le kẹ́ ẹ tó fún un o, ìrora tó ti gun òkè ṣòro í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra á lára tó bá fẹ́. Tó bá fẹ́ wo skit ẹ bá a wò ó.

Àwọn ohun tí kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́: tí ara ẹ̀ bá gbóná tí thermometer kan 38, ẹ ra thermometer sílé, ọwọ́ lórí iwájú kò tó. Tí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí délẹ̀, ìyẹn ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré torí ẹ̀dọ̀fóóró ni, òun ló ń pa wọ́n. Tí apá kan bá rọ, tí ẹnu yọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí tí orí kàn ṣàdédé fọ́ ọ burúkú. Tó bá ń bì tí omi ò dúró. Tí ìpéǹpéjú inú bá funfun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọkùnrin, ẹ sọ fún wọn láìtijú pé tí nǹkan ọmọkùnrin bá le tí kò rọ̀ fún wákàtí méjì kí wọ́n pariwo, ìtìjú ti ba ayé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Ọmọ kékeré, láti ọdún méjì, ẹ máa gbé e lọ ṣe TCD, àwòrán tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú orí, ó ń sọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ lè mú kó tó ṣẹlẹ̀. Folic acid àti Paludrine tó ń dènà ibà lójoojúmọ́, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Kẹ́ ẹ sì kọ genotype ẹ̀, òògùn tó ń lò, àti iye ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ní nígbà tí ara ẹ̀ bá yá sórí ìwé kan, kí dókítà clinic ẹ̀ fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé ẹmájẹ́ńsì ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nà sí wọn. Wọ́n lè má gba ẹnu ọmọ gbọ́, wọ́n máa ń gba òǹtẹ̀ gbọ́.

Adùkẹ́ Ìlọrin:

Áà, ẹ ṣeun ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ka ti àǹtí nọ́ọ̀sì sí màmá létí bó ṣe wà, ibi tí wọ́n ti ní egungun tó ń kú ló ń dùn ún yẹn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní "ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí fóònù náà máa pariwo bẹ́ẹ̀?" Ẹ wò ó, mo gba ìyẹn bẹ́ẹ̀, màá ra earpiece fún Awẹ́lẹ́wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Famasí, kò lo hydroxyurea o, folic acid nìkan ló ń lò, ó ní clinic tí òun ń lọ tẹ́lẹ̀ kò dárúkọ ẹ̀ fún òun. Nǹkan kan tún wà tí mi ò kà kún tẹ́lẹ̀. Láti bí oṣù díẹ̀ ó ń tiro, kraísìsì ti lọ o, ara ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó pẹ́ tó fẹ́ dìde ó máa ń di ìgbáròkó apá ọ̀tún mú, ó ní ó ti mọ́ òun lára. Ṣé ìyẹn náà wà lára ẹ̀?

Arẹwà tó ń jẹ́ SS:

Àǹtí ẹ má jẹ́ kó mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó òsì fún mi báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ó wà lára ẹ̀ dáadáa. Orí egungun itan níbi tó ti wọ inú ìgbáròkó, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ò pọ̀, tí iṣan ẹ̀ bá ti dí léraléra egungun náà á máa kú, lẹ́yìn ọ̀la á wó. Ẹ gbé e lọ ya X-ray ìgbáròkó méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí, tí X-ray ò bá fi nǹkan kan hàn tó sì ṣì ń dùn ún, ẹ ní kí wọ́n kọ MRI, torí X-ray kì í tètè rí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Kó má gbé ẹrù, kó má fi ẹsẹ̀ yẹn fò. Ẹ bá mi béèrè ọ̀rọ̀ hydroxyurea ní clinic kan náà. Ìlọrin lẹ wà, ẹ lọ sí Teaching Hospital, ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí clinic hematology, ti àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀, máa ń wà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

Adùkẹ́ Ìlọrin:

Ó ti ń bọ̀ láti school, ẹ jẹ́ kí n bi í ọjọ́ tí kò ní lẹ́kíṣọ̀. Màmá ní àwọn náà fẹ́ bá wa lọ.